Tour de France máa gba iwájú ilé wa ní Wales: kí ni ká ti ṣe sílẹ̀?

IyaIbeji_Powys

Ẹ kú ojúmọ́ o, gbogbo ilé. Mo fẹ́ kí ẹ là mí lọ́yẹ̀ nípa eré kẹ̀kẹ́.

Ní 2027, Britain ni Tour de France tọkùnrin ti máa bẹ̀rẹ̀. Edinburgh sí Carlisle ni ti ọjọ́ Jímọ̀, ọjọ́ 2 oṣù Keje. Keswick sí Liverpool ni ti Sátidé. Welshpool sí Cardiff ni ti ọjọ́ Àìkú, ọjọ́ 4. Ti ọjọ́ Àìkú yìí ló kàn wá, torí títì tó wà lẹ́nu géètì wa wà lára ọ̀nà tí wọ́n máa gbà. Abúlé ni, ilé kò ju mẹ́wàá lọ, oko àgùntàn ló yí wa ká. Láti géètì wa, ọ̀nà ń gòkè fún bíi kìlómítà kan, á wá yà sọ́tùn-ún lókè pátápátá kó tó dagẹ̀rẹ́ lọ sí òdìkejì.

Aago mélòó gan-an ló yẹ ká wà níta? Ẹnìkan ní ìṣẹ́jú àáyá mélòó kan ni gbogbo rẹ̀, ẹlòmíì ní ká gbé àga jáde láti àárọ̀. Ṣé ẹnu géètì ni ká dúró sí, àbí ká rìn gòkè lọ síbi tí ọ̀nà ti yà? Àwọn ìbejì á ti pé ọmọ ọdún mẹ́fà nígbà náà, a sì ní ajá kan. Iṣẹ́ kẹ́rà ni mò ń ṣe, ilé àwọn arúgbó mẹ́ta ni mo máa ń dé láàárọ̀ àti lọ́sàn-án. Ṣọ́ọ̀ṣì wa sì wà nílùú, máìlì méjìdínlógún sí wa. Tí wọ́n bá ti títì pa, ibo la máa gbà?

Ọ̀kan ṣì kù. Àgbẹ̀ tó múlé tì wá fẹ́ ya kẹ̀kẹ́ ńlá sórí pápá rẹ̀ kí hẹlikọ́pítà lè gbé e sórí tẹlifíṣọ̀n, ó sì ní ká wá bá òun ṣe é. Báwo ni wọ́n ṣe ń ṣe irú rẹ̀ tí kì í fi í dà bí ìdọ̀tí lójú ẹni tó ń wò ó láti òkè?

OmoOlokeke

Ìyá Ìbejì, ẹ kú ìmúra o. Ẹ jẹ́ kí n mú ti aago àti ti ọ̀nà títì, torí wọ́n so kọ́ra.

Ẹni tó ní ìṣẹ́jú àáyá mélòó kan ni kò purọ́, ẹni tó ní kẹ́ ẹ gbé àga jáde kò purọ́ náà. Ohun méjì ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ló máa kọjá. Àkọ́kọ́ ni ọ̀wọ́ ọkọ̀ ìpolówó tí àwọn Faransé ń pè ní caravane. Láti 1930 ló ti wà. Ọkọ̀ tí wọ́n ṣe lọ́ṣọ̀ọ́ bíi 150 ni, ó gùn tó kìlómítà mẹ́wàá, orin ń dún lórí wọn, àwọn èèyàn inú rẹ̀ sì ń ju ẹ̀bùn sí àwọn èrò. Bíi wákàtí méjì ló fi máa ń ṣáájú àwọn ọlọ́kẹ̀kẹ́, á sì gba ọgbọ̀n ìṣẹ́jú ó lé kó tó kọjá tán níwájú ilé yín. Lẹ́yìn rẹ̀, àlàfo gígùn ni, àfi ọ̀kadà ọlọ́pàá àti ọkọ̀ òṣìṣẹ́ tó ń sáré kọjá lọ́kọ̀ọ̀kan. Àlàfo yìí gan-an ló ń tan àwọn èèyàn wọ títì. Ìgbà náà ni àwọn ọlọ́kẹ̀kẹ́ á wá dé.

Kẹ́ ẹ tó lè mọ aago, tábìlì ìpele (ìyẹn eré ọjọ́ kan) ti ọjọ́ yẹn lẹ máa wò lórí ìkànnì Tour. Orúkọ ìlú àti oríta wà nínú rẹ̀, iye kìlómítà tí wọ́n ti rìn àti èyí tó kù, aago caravane, lẹ́yìn náà òpó mẹ́ta tó ń sọ aago tí àwọn ọlọ́kẹ̀kẹ́ máa dé, gẹ́gẹ́ bí ìwọ̀n eré mẹ́ta. Ẹ má gbára lé òpó kan ṣoṣo. Ká ní ilé yín wà ní kìlómítà 150. Bí wọ́n bá ń sá kìlómítà 46 ní wákàtí kan, wákàtí mẹ́ta àti ìṣẹ́jú mẹ́rìndínlógún ni wọ́n máa fi dé ọ̀dọ̀ yín. Bó bá jẹ́ 42, wákàtí mẹ́ta àti ìṣẹ́jú mẹ́rìnlélọ́gbọ̀n ni. Ìyàtọ̀ ìṣẹ́jú méjìdínlógún nìyẹn, nígbà tó ṣe pé ìṣẹ́jú kan péré lè gba gbogbo agbo náà kọjá. Afẹ́fẹ́ ló sábà ń pinnu rẹ̀: bó bá ń tì wọ́n lẹ́yìn, wọ́n á dé ṣáájú òpó tó yára jù, bó bá ń kọjú sí wọn, tí kò sì sẹ́ni tó ń lépa ẹnikẹ́ni, wọ́n á dé lẹ́yìn òpó tó lọ́ra jù. Ẹ ti jókòó síta kí aago òpó tó yára jù tó ku ogún ìṣẹ́jú.

Nǹkan méjì ló máa ń mú kéèyàn ṣi aago. Àkọ́kọ́, aago tí wọ́n ń kéde pé wọ́n máa gbéra ní Welshpool lè jẹ́ aago tí wọ́n máa fi ẹsọ̀ jáde nínú ìlú lẹ́yìn ọkọ̀ olùdarí eré. Eré kò tíì bẹ̀rẹ̀ nígbà yẹn. Ibi tí wọ́n ń pè ní kìlómítà 0, lẹ́yìn ìlú, ni wọ́n ti ń ka àkókò. Èkejì, aago Faransé fi wákàtí kan ṣáájú ti Britain. Ẹ yẹ tábìlì náà wò dáadáa bóyá aago ibẹ̀ ni wọ́n kọ tàbí tibí, pàápàá tó bá jẹ́ pé ìkànnì tẹlifíṣọ̀n ilẹ̀ òkèèrè lẹ ti rí i. Ẹ ti tẹ̀ ẹ́ sórí bébà kí ọjọ́ náà tó pé. Bí èrò bá ti pọ̀ lábúlé, nẹ́tíwọ́ọ̀kì fóònù á kú.

Ó wá kan ọ̀nà. Ẹ bá mi ṣírò rẹ̀: caravane dé ní wákàtí méjì ṣáájú, títì sì gbọ́dọ̀ ti mọ́ kí caravane tó dé, àwọn tó kẹ́yìn eré tún wà lẹ́yìn. Kò lè dín ní wákàtí mẹ́rin, ó sì sábà máa ń jù bẹ́ẹ̀ lọ, torí níbi tí òkè bá wà, èrò máa ń tètè dé, wọ́n á sì tètè ti ọ̀nà. Aago tí káńsù bá kọ sínú ìwé tí wọ́n máa fi ránṣẹ́ sílé yín ni òfin, kì í ṣe aago tábìlì Tour. Ọkọ̀ tí wọ́n bá bá lójú títì náà, wọ́n á wọ́ ọ kúrò. Bó bá ṣe pé títì yẹn nìkan ni géètì yín jáde sí, ẹ gbé mọ́tò kan sọ́nà míì tí eré kò gbà lálẹ́ Sátidé, kẹ́ ẹ fẹsẹ̀ rìn dé ìdí rẹ̀.

Tẹ́ ẹ bá fẹ́ lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì, ẹ ti kúrò nílé kí ọ̀nà tó tì, kẹ́ ẹ sì gbà pé ẹ ò ní í padà wọlé títí dìrọ̀lẹ́. Kò sí àárín méjì. Ẹni tó bá ní òun á sáré lọ sáré bọ̀, ìdí bàríkéèdì ló máa jókòó sí tí eré á fi kọjá.

Ti iṣẹ́ kẹ́rà ló gba ìtọ́jú jù. Ẹ sọ fún ọ́fíìsì yín ní oṣù mẹ́ta ṣáájú, kẹ́ ẹ sì fi ìlà títì yẹn pín àwọn arúgbó náà sí méjì: àwọn tó wà níhà ọ̀dọ̀ yín àti àwọn tó wà lódìkejì. Kẹ́rà tó ń gbé lódìkejì ni kó gba tọ̀hún. Ẹni tí oògùn rẹ̀ ní aago, bí ẹni tó ń gba insulin, ẹ má fi tirẹ̀ sílẹ̀ dọjọ́ náà. Kí orúkọ ẹni tó máa lọ sọ́dọ̀ rẹ̀ àti ọ̀nà tó máa gbà wà lórí ìwé. Kẹ́ ẹ béèrè lọ́wọ́ káńsù bóyá ibi tí wọ́n ti ń jẹ́ kéèyàn fẹsẹ̀ sọdá wà nítòsí yín. Ti ìjàm̀bá tàbí àìsàn òjijì, 999 náà ni bí ìgbà gbogbo. Ètò ti máa ń wà fún ọkọ̀ àǹbúláǹsì.

AgbaKeke_Leeds

Ọ̀rọ̀ aago ti yanjú. Ibi tẹ́ ẹ máa dúró sí ló kù, òun ló sì máa pinnu bóyá ẹ máa rí nǹkan tàbí ẹ máa rí àwọ̀ tó fò kọjá lásán.

Ní ẹnu géètì yín, nísàlẹ̀ òkè, eré ṣì wà lẹ́sẹ̀ wọn. Kìlómítà 45 ní wákàtí kan jẹ́ mítà méjìlá àbọ̀ ní ìṣẹ́jú àáyá kọ̀ọ̀kan. Bí agbo náà bá fún pọ̀, tí wọ́n gba gbogbo ìbú ọ̀nà, gígùn rẹ̀ lè má ju ọgọ́rùn-ún mítà lọ. Ìṣẹ́jú àáyá mẹ́jọ, ó parí. Lókè, bí ọ̀nà bá ga dáadáa, eré wọn lè já wálẹ̀ sí 25, ìyẹn mítà méje, agbo á sì fà gùn bí okùn tó tó ẹ̀ẹ́dẹ́gbẹ̀ta mítà. Ìyẹn lé ní ìṣẹ́jú kan, ẹ sì máa rí ojú wọn, ẹ máa gbọ́ bí wọ́n ṣe ń mí. Bí àwọn kan bá ti já sẹ́yìn, ẹ tún máa rí wọn lọ́wọ̀ọ̀wọ́ fún ìṣẹ́jú púpọ̀. Nítorí náà, ẹ gòkè lọ.

Àmọ́ ẹ má dúró síbi tí ọ̀nà ti yà gan-an. Ní kọ́nà tó yà sọ́tùn-ún, apá òsì ni ìta kọ́nà. Ibẹ̀ ni ẹni tí bíréèkì rẹ̀ kò bá mú tàbí tí táyà rẹ̀ bá yọ̀ máa já sí. Inú kọ́nà náà kò dáa, torí wọ́n máa ń gé e débi pé èjìká wọn á fẹ́rẹ̀ẹ́ kan koríko. Ibi tó dáa jù ni igba mítà kó tó dé kọ́nà, níbi tí ọ̀nà ṣì gún régé, tí eré ti já, tẹ́ ẹ sì lè rí wọn láti ìsàlẹ̀ bọ̀.

Fún àwọn ìbejì, ẹ wá ibi tí géètì oko onírin wà lẹ́bàá ọ̀nà lórí òkè yẹn. Ẹ bẹ olóko, kẹ́ ẹ dúró sínú oko, kí géètì wà ní títì, kẹ́ ẹ sì fi ṣéènì dè é. Ọmọ ọdún mẹ́fà á rí ìta láàárín àwọn ọ̀pá rẹ̀ láìfi ẹsẹ̀ kan títì. Kì í ṣe àwọn ọlọ́kẹ̀kẹ́ ni mo bẹ̀rù jù fún ọmọdé, caravane ni. Ní 2000 àti ní 2002, ọkọ̀ caravane pa ọmọdé kọ̀ọ̀kan ní Faransé. Ẹ̀bùn á bọ́ sójú títì, ọmọ á rí i, ọkọ̀ mìíràn sì ti wà lẹ́yìn. Kí àgbàlagbà kan máa mójú tó ọmọ kan, kó má máa wo fóònù. Ohun tó bá bọ́ sójú títì, ẹ fi sílẹ̀.

Ajá: ẹ tì í mọ́lé, kẹ́ ẹ ti wíńdò pẹ̀lú. Ẹ má fi okùn dè é sẹ́gbẹ̀ẹ́ yín níta. Ní Tour 2007, ajá méjì ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ló wọ ojú ọ̀nà, Marcus Burghardt ṣubú lórí ọ̀kan, Sandy Casar lórí èkejì. Casar dìde, ó sì gba ìpele ọjọ́ yẹn, ṣùgbọ́n ara rẹ̀ ti bó.

Nǹkan mẹ́ta tí ẹnikẹ́ni nínú yín kò gbọ́dọ̀ ṣe. Ẹ má kọ̀yìn sí eré láti ya ara yín ní fọ́tò. Ní Yorkshire ní 2014, nígbà tí Tour bẹ̀rẹ̀ níbẹ̀, àwọn ọlọ́kẹ̀kẹ́ pariwo gan-an lórí èyí. Ẹ má na pátákó tàbí páálí sójú ọ̀nà. Ní 2021, ní ìpele àkọ́kọ́ láti Brest sí Landerneau, páálí tí obìnrin kan gbé sókè sí kámẹ́rà ni Tony Martin forí gbá, ọ̀pọ̀ èèyàn sì wó lé e lórí. Ilé ẹjọ́ bu owó ìtanràn 1,200 yúrò fún obìnrin náà. Ẹ sì má jẹ́ kí okùn kámẹ́rà tàbí ti báàgì máa fì níwájú yín. Okùn ẹ̀rọ ayàwòrán òǹwòran kan ló kọ́ Vincenzo Nibali lórí òkè Alpe d'Huez ní 2018, eegun ẹ̀yìn rẹ̀ sán, ó sì fi eré sílẹ̀. Tẹ́ ẹ bá na ọwọ́ síwájú, tí ìka yín sì lè kan ibi tí títì ti bẹ̀rẹ̀, ẹ ti sún mọ́ ọn jù. Ẹ sún sẹ́yìn.

IyaIbeji_Powys

Ẹ ṣé gan-an, Olúwa á bù kún yín. Ọ̀nà gíga yẹn la máa lọ, mo sì mọ géètì tẹ́ ẹ ń sọ. Àwọn ọmọ fẹ́ gbé àsíá Nàìjíríà àti ti Eritrea nítorí Biniam Girmay. Ṣé kò burú? Àwọn ẹ̀bùn caravane yìí ńkọ́, kí ni wọ́n máa ń jẹ́?

Abeke_Cardiff

Kò burú rárá, mọ̀mí. Ó yẹ kí wọ́n gbé e. Girmay ni ọmọ adúláwọ̀ Áfíríkà àkọ́kọ́ tó gba ìpele kan ní Tour de France. Mẹ́ta ló gbà ní 2024, ní Turin, Colombey-les-Deux-Églises àti Villeneuve-sur-Lot, ó sì wọ ẹ̀wù àwọ̀ ewé, ti ẹni tó ní máàkì jù, dé ìparí. Bí wọ́n bá fẹ́ kí òun àti ẹgbẹ́ rẹ̀ rí i, ẹ kan aṣọ náà mọ́ ara ọgbà tàbí géètì lẹ́yìn yín ní igun mẹ́rẹ̀ẹ̀rin. Àsíá tó wà lórí ọ̀pá lè fẹ́ wọ ọ̀nà, kó sì wé mọ́ ọwọ́ kẹ̀kẹ́. Tẹ́ ẹ bá fẹ́ kọ ọ̀rọ̀, bẹ́ẹ̀dìṣíìtì funfun àti ọ̀dà dúdú ni, kí lẹ́tà kọ̀ọ̀kan ga tó ogójì sẹ̀ǹtímítà, kí ọ̀rọ̀ má ju méjì lọ. Ẹ má kun ojú títì. Ọ̀dà tó bá rí omi a máa yọ̀ bí ọṣẹ lábẹ́ táyà tínrín, káńsù sì lè mú yín.

Ẹ fi àyè sílẹ̀ fún Geraint Thomas náà o. Ọmọ Cardiff ni, òun ló gba Tour ní 2018, ó sì fi eré sílẹ̀ ní 2025 nílùú rẹ̀ níbẹ̀, ní òpin Tour of Britain. Ẹ máa rí orúkọ rẹ̀ lára ọgbà gbogbo lọ́jọ́ yẹn.

Ẹ̀bùn: fìlà, síkáfù, àwọn nǹkan ìdè kọ́kọ́rọ́, bísíkíìtì, àti súwíìtì inú ọ̀rá kékeré. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ ka ara ọ̀rá kẹ́ ẹ tó fún ọmọ ẹlòmíì. Cochonou, tó ti wà nínú caravane fún ọ̀pọ̀ ọdún, sọ́séèjì ẹlẹ́dẹ̀ ni, súwíìtì tó ń fà bíi rọ́bà sì sábà máa ń ní gelatine ẹlẹ́dẹ̀ nínú. Bí ará ilé mùsùlùmí bá wà láàárín yín, ẹ ti sọ fún wọn ṣáájú. Nǹkan wọ̀nyí máa ń bọ́ láti orí ọkọ̀ tó ń sáré, wọ́n sì lè bani lójú. Ẹ fi fìlà tó ní etí dé àwọn ọmọ lórí. Lórí òkè yẹn náà ni ọkọ̀ ti máa ń dẹwọ́ eré díẹ̀, nǹkan á bọ́ sórí koríko ju títì lọ.

OlokoAgutan

Èmi á mú ti pápá.

Ní Faransé, àwọn àgbẹ̀ máa ń bára wọn díje lórí irú iṣẹ́ yìí lọ́dọọdún, torí náà kámẹ́rà hẹlikọ́pítà máa ń wá a kiri. Àṣìṣe tó ń ba púpọ̀ nínú rẹ̀ jẹ́ ni pé wọ́n ń yà á bí ẹni tí wọ́n máa wò ó gan-an láti òkè. Hẹlikọ́pítà kì í sábà wà lórí pápá, ọ̀nà ló ń tẹ̀ lé, ẹ̀gbẹ́ ló sì ti ń wò yín. Bí kámẹ́rà bá ń wo ilẹ̀ pẹrẹsẹ láti igun ọgbọ̀n díńgírì, gígùn tó lọ sínú pápá á sún kì sí ìdajì. Táyà tẹ́ ẹ yà ní róbótó á wá dà bí ẹyin tó dùbúlẹ̀.

Oògùn rẹ̀ ni kẹ́ ẹ na àwòrán náà lọ sínú pápá. Bí táyà bá fẹ̀ ní mítà 20 ní ìbú, ní ìbámu pẹ̀lú títì, ẹ jẹ́ kó gùn ní mítà 30 sínú. Ìyẹn ni mo máa dábàá, torí tẹ́ ẹ bá nà án dé 40, tí hẹlikọ́pítà bá sì gba orí rẹ̀, á rí gbọọrọ. Bó bá ṣe pé pápá náà dagẹ̀rẹ́ kọjú sí títì, ẹ dín nínà náà kù sí 24 tàbí 25, torí òkè náà ti gbé àwòrán sókè fún kámẹ́rà. Pápá tó dagẹ̀rẹ́ báyìí ló dáa jù. Ẹ wò ó bóyá aládùúgbò yín ní irú rẹ̀.

Bí ẹ ṣe máa ya táyà 20 sí 30: ẹ kan èèkàn méjì mọ́lẹ̀, kí ọ̀kan jìnnà sí èkejì ní mítà 22.4, kí ìlà tó so wọ́n pọ̀ lọ láti ẹ̀gbẹ́ títì sínú pápá. Ẹ so okùn kan ní òbìrípo, kí gbogbo òbìrípo náà jẹ́ mítà 52.4 lẹ́yìn tẹ́ ẹ ti ta kókó. Ẹ kó o sára èèkàn méjèèjì, kí ẹnìkan mú ọ̀pá dání, kó fa okùn náà le, kó máa rìn yí ká, kí ẹlòmíì máa tẹ̀ lé e pẹ̀lú ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń fa ìlà pápá bọ́ọ̀lù. Okùn tó máa ń fà bíi rọ́bà kò dáa. Okùn polypropylene ni kẹ́ ẹ lò. Ẹ ṣe èkejì bákan náà, kí àárín táyà kan sí èkejì jẹ́ mítà 34. Ìsàlẹ̀ kẹ̀kẹ́ ni kó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ títì, kí iwájú rẹ̀ kọjú síbi tí eré ń lọ.

Ìlà tínrín kò ní í hàn. Kí ìlà táyà fẹ̀ ní mítà kan ààbọ̀, ti férémù méjì. Ewé tútù ni ilẹ̀ yín ní oṣù Keje, nítorí náà funfun ló máa jáde jù: tapólì funfun tẹ́ ẹ gé sí ọ̀já, tàbí aṣọ funfun tí àwọn olóko ẹ̀fọ́ fi ń bo ilẹ̀. Kí ẹ kàn gé koríko nìkan, ewé lórí ewé ni, àfi tẹ́ ẹ bá gé e ní ọjọ́ márùn-ún ṣáájú, tẹ́ ẹ kó o kúrò, tí oòrùn sì pọ́n ìdí rẹ̀. Ní Wales, ẹ má fọkàn tán oòrùn. Ẹ fi èèkàn irin kan tapólì mọ́lẹ̀ ní mítà kọ̀ọ̀kan, ní ẹ̀gbẹ́ méjèèjì, torí atẹ́gùn abẹ́ hẹlikọ́pítà lè gbé e dà sójú títì. Tí ewu yẹn bá wà, mítà ọgbọ̀n sí títì ni kẹ́ ẹ ti bẹ̀rẹ̀ àwòrán. Àárọ̀ ọjọ́ náà tàbí ìrọ̀lẹ́ Sátidé ni kẹ́ ẹ tẹ́ ẹ. Bó bá pẹ́ lórí koríko, á pọ́n ọn. Kẹ́ ẹ kó gbogbo rẹ̀ lọ́jọ́ náà kí wọ́n tó dá ẹran padà, kẹ́ ẹ sì ka iye èèkàn tẹ́ ẹ rí. Irin kan tó bá kù sínú koríko lè gún pátákò, ó sì lè ba ẹ̀rọ ìgékoríko jẹ́.

Ohun tó ń mú kámẹ́rà dúró ju gbogbo rẹ̀ lọ ni ohun tó ń rìn. Ẹ fi quad (ọ̀kadà oko ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́rin) kan sínú táyà kọ̀ọ̀kan, kó máa yípo lórí ìlà náà ní bíi kìlómítà mẹ́wàá ní wákàtí kan. Kí àwọn méjèèjì yípo síbì kan náà! Bí kẹ̀kẹ́ bá kọjú sọ́tùn-ún lójú ẹni tó ń wò ó láti títì, bí ọwọ́ aago ni kí táyà máa yí. Bí ọ̀kan bá lọ sọ́tùn-ún, tí èkejì lọ sósì, gbogbo ẹni tó mọ kẹ̀kẹ́ ló máa rí i. Bí kò bá sí quad, èèyàn ogún tó wọ ẹ̀wù funfun á ṣe é. Kí wọ́n bẹ̀rẹ̀ nígbà tẹ́ ẹ bá gbọ́ hẹlikọ́pítà, torí ariwo rẹ̀ ló máa ń kọ́kọ́ dé.

Kí àgùntàn àti ẹṣin kúrò ní pápá tó kan títì láti ọjọ́ tó ṣáájú. Ariwo hẹlikọ́pítà á lé àgùntàn lọ sára ọgbà, ọ̀kan á fò ó, ìyókù á tẹ̀ lé e sójú títì. Ẹ ti géètì gbogbo pa pẹ̀lú kọ́kọ́rọ́, torí èrò tí wọ́n ń wá ibi tí wọ́n máa tọ̀ sí máa ń ṣí i, wọn kì í sì í tì í padà. Ẹrẹ̀ àti òkúta wẹ́wẹ́ tí tírákítọ̀ fà sẹ́nu ọ̀nà oko, ẹ gbá a mọ́ kí ọ̀nà tó tì. Ẹ má sì jẹ́ kí ẹnikẹ́ni fò drone láti ya àwòrán yín. Hẹlikọ́pítà ń fò nítòsí ilẹ̀ níbẹ̀, èèyàn sì wà nínú wọn.

Abeke_Cardiff

Ẹ jẹ́ kí n fi èyí kún un, fún dídá wọn mọ̀. Èèyàn mẹ́jọ ló wà nínú ẹgbẹ́ kọ̀ọ̀kan. Ẹgbẹ́ ẹni tó gbà á lọ́dún tó kọjá sábà máa ń gba nọ́mbà 1 sí 8, èyí tó tẹ̀ lé e 11 sí 18, lẹ́yìn náà 21 sí 28, bẹ́ẹ̀ bẹ́ẹ̀ lọ. Ẹni tí nọ́mbà rẹ̀ parí sí 1 ló sábà máa ń jẹ́ olórí ẹgbẹ́. Ẹ tẹ ìwé orúkọ wọn jáde, kí ìbejì kan máa pe nọ́mbà, kí èkejì máa wá a. Ẹ̀wù yẹ́lò ni ẹni tí àkókò rẹ̀ kéré jù, àwọ̀ ewé ni ẹni tó ní máàkì jù, funfun tó ní àmì róbótó pupa ni ti orí òkè, funfun lásán ni ọ̀dọ́ tó ń ṣáájú.

Fọ́tò: ẹ dá fóònù dùbúlẹ̀, ẹ yan ibì kan lójú títì ní nǹkan bíi mítà mẹ́wàá sí yín, ẹ tẹ ojú fóònù mọ́ ibẹ̀ títí á fi di fókọ́ọ̀sì mú, kẹ́ ẹ má gbé e tẹ̀ lé wọn. Kí wọ́n wá bá fóònù yín níbẹ̀. Fídíò slow motion ló sàn jù, ẹ á lè yọ fọ́tò kan nínú rẹ̀ lẹ́yìn náà. Kí ẹnìkan ṣoṣo nínú ìdílé ya àwòrán, kí àwọn tó kù fi ojú ara wọn wò ó.

IyaIbeji_Powys

Mo ti ń kọ gbogbo rẹ̀ sílẹ̀. Ìbéèrè tó kẹ́yìn: lẹ́yìn tí àwọn ọlọ́kẹ̀kẹ́ bá ti kọjá, báwo la ṣe máa mọ̀ pé ó ti parí, ká tó ṣí géètì oko yẹn fún àwọn ọmọ?

AgbaKeke_Leeds

Ìbéèrè tó dáa gan-an nìyẹn, torí ibẹ̀ ni ọ̀pọ̀ èèyàn ti máa ń kó wọ títì. Lẹ́yìn agbo, ọkọ̀ àwọn ẹgbẹ́ ló ń bọ̀, kẹ̀kẹ́ wà lórí òrùlé wọn, ẹgbẹ́ lé ní ogún, wọ́n ń sáré ju àwọn ọlọ́kẹ̀kẹ́ lọ torí wọ́n ń lé wọn bá. Dókítà wà láàárín wọn, àti ọkọ̀ aláwọ̀ búlúù Shimano tó ń pààrọ̀ táyà fún ẹnikẹ́ni. Bí ẹnìkan bá ti já sẹ́yìn lórí òkè, ọkọ̀ ẹgbẹ́ rẹ̀ lè wà lẹ́yìn rẹ̀, ìṣẹ́jú mẹ́wàá tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ sí agbo. Ẹ pàtẹ́wọ́ fún ẹni yẹn ju gbogbo wọn lọ. Kò sẹ́lòmíì lójú ọ̀nà pẹ̀lú rẹ̀, á sì gbọ́ yín.

Ẹni tó kẹ́yìn pátápátá ni voiture balai ń tẹ̀ lé, ọkọ̀ tó ń gbé àwọn tí kò lè gùn ún mọ́. Lẹ́yìn rẹ̀, ẹ máa rí ọkọ̀ tí wọ́n kọ Fin de course (òpin eré) sí. Títí èyí á fi kọjá, títì kì í ṣe tiyín. Igò omi tí ọlọ́kẹ̀kẹ́ jù sílẹ̀, tẹ́ ẹ bá ti ń wò lórí koríko láti ìgbà náà, ẹ lè wá mú un nígbà yẹn. Omi inú rẹ̀ sábà máa ń dùn, ó sì máa ń lẹ̀. Ẹ dà á nù, ẹ fi omi gbígbóná àti ọṣẹ fọ ọmọrí rẹ̀ nínú lóde kí ọmọ tó fi ẹnu kàn án. Kẹ́ ẹ sì dúró kí steward tó wà níbẹ̀ sọ pé ó yá kẹ́ ẹ tó tú ṣéènì géètì, torí àwọn ọkọ̀ tó ń kó bàríkéèdì ṣì lè máa bọ̀ lẹ́yìn.